Sẹ́ńsọ̀ Glúkóòsì Tí Kò Lo Ẹ́ńsáìmù: Bí A Ṣe Ń Fi Bàbà àti Kábọ́nù Ṣe É Lórí Lẹ́ẹ̀dì Pẹ́ńsùlù

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn alátọ̀gbẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ẹ́ńsáìmù tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Glucose oxidase ni, tàbí glucose dehydrogenase. Òun ló ń ṣa glúkóòsì yọ láàárín gbogbo ohun tó kún inú ẹ̀jẹ̀. Láti 1962 tí Leland Clark àti Champ Lyons ti gbé electrode (ọ̀pá tí iná ń gbà wọ inú omi) ẹlẹ́ńsáìmù jáde ni ọ̀nà yìí ti ń bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ara ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n ti mú ẹ́ńsáìmù. Ooru ń bà á jẹ́, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì gùn. Ẹni tó bá gbàgbé agolo rẹ̀ sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan ti mọ ohun tí à ń sọ.

Ọ̀nà kejì ni pé kí irin fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. Wúrà, platinum, nickel, cobalt àti bàbà ló wọ́pọ̀ jù. Bàbà la yàn níbí, a ó sì fi dúdú kábọ́nù, ìyẹn carbon black, gbé e dúró lórí lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù. Wúrà àti platinum wọ́n, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ sì tètè ń di ojú wọn pa. Bàbà kò wọ́n, iyọ̀ kì í sì yọ ọ́ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní yàrá ìwádìí kékeré lè ṣe iṣẹ́ yìí láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ kan kí a tó wọ inú iṣẹ́: inú omi kọ́sítíìkì sódà (NaOH) ni sẹ́ńsọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣeé fi sára, kò sì ṣeé fi pinnu iye insulin tí aláìsàn máa gbà. Ohun èlò yàrá ìwádìí ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú bàbà

Tí bàbà bá wà nínú omi kọ́sítíìkì, CuO (copper oxide) á bo ojú rẹ̀. Tí a bá wá gbé fólítéèjì rẹ̀ sókè dé nǹkan bí +0.4 V sí +0.6 V, tí a fi Ag/AgCl (electrode fàdákà tí a fi ń wọn fólítéèjì) wọ̀n ọ́n, CuO á pàdánù electron kan, á di CuOOH. Glúkóòsì tó bá sún mọ́ ọn á fún un ní electron padà: CuOOH á tún di CuO, glúkóòsì á di gluconolactone, omi á sì sọ ìyẹn di gluconic acid. Bí electrode ṣe ń gba electron lọ́wọ́ CuO tí glúkóòsì sì ń dá a padà ni iná (current) tí à ń kà lórí ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn pé CuOOH kọ́ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, pé OH⁻ tó rọ̀ mọ́ ojú bàbà náà lọ́wọ́ sí i. Ìjiyàn yẹn kò yí ohun tí ẹ máa fi ọwọ́ ṣe padà. Ohun tó yẹ kí ẹ rántí nínú rẹ̀ ni pé láìsí OH⁻ púpọ̀, kò sí iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé electrode yìí sínú omi pH 7 tó ń retí ìdáhùn kan náà ń fi àkókò ṣòfò.

Kábọ́nù ńkọ́? Ní fólítéèjì yìí, kábọ́nù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe glúkóòsì ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé electron kọjá, kó jẹ́ kí ojú electrode fẹ̀, kó sì jẹ́ kí bàbà jókòó ní hóró kéékèèké dípò kó di ìpele kan ṣoṣo. Bóyá ó ṣe iṣẹ́ yẹn lóòótọ́ tàbí kò ṣe é, ẹ kò ní mọ̀ àfi tí ẹ bá ṣe electrode mẹ́rin pọ̀: lẹ́ẹ̀dì lásán, lẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kábọ́nù, lẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàbà, àti èyí tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á wá máa yin kábọ́nù fún iṣẹ́ tí bàbà nìkan ṣe.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Potentiostat, ẹ̀rọ tó ń fi fólítéèjì sára electrode tó sì ń ka iná tó ń ṣàn, ni olórí. Àwọn tó ṣí àwòrán ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ fún ayé wà, bíi CheapStat tí wọ́n gbé jáde ní 2011, tí owó ohun èlò rẹ̀ kò tó 80 dọ́là Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú èyíkéyìí, ẹ wo iye iná tó lè kà. Àwọn kan kì í kọjá ogójì tàbí àádọ́ta µA, electrode tiwa sì lè kọjá 100 µA. Tí ẹ̀rọ yín bá kéré, ẹ dín gígùn lẹ́ẹ̀dì tó ń wọ inú omi kù.

Electrode mẹ́ta ló ń wọ inú kọ́ọ̀bù. Àkọ́kọ́ ni lẹ́ẹ̀dì tí a fẹ́ ṣe. Èkejì ni reference, èyí tí a fi ń wọn fólítéèjì: Ag/AgCl nínú KCl 3 M. Ẹ̀kẹta ni counter, èyí tí iná ń gbà padà: wáyà platinum, tàbí ọ̀pá graphite tó nípọn bí kò bá sí. Ó yẹ kí ojú counter fẹ̀ ju ti lẹ́ẹ̀dì lọ. Ọ̀rọ̀ nípa reference: kọ́sítíìkì ń wọ inú Ag/AgCl díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ fàdákà inú rẹ̀ di oxide, fólítéèjì rẹ̀ á sì máa yẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú NaOH mọ́jú. Reference oní-mercury, Hg/HgO, ló bá kọ́sítíìkì mu jù, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lò ó, nọ́ńbà fólítéèjì inú ìwé yìí kò ní bá ti yín mu.

Fún lẹ́ẹ̀dì, ẹ ra ti pẹ́ńsùlù títẹ̀, 0.5 mm, 2B. (Orúkọ lásán ni “lẹ́ẹ̀dì”, kò sí òjé kankan nínú rẹ̀, graphite ni.) Bí B bá ṣe pọ̀ tó ni graphite ṣe pọ̀ tó, bí H bá ṣe ń pọ̀ ni ohun tó ń mú un le ṣe ń pọ̀, ohun yẹn kì í sì í gbé iná. Ẹ má fọ́ pẹ́ńsùlù onígi láti yọ tinú rẹ̀: amọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi epo bíi àbẹ́là rin ín.

Omi èròjà tí ẹ máa pò, omi distilled ni kí ẹ fi pò gbogbo rẹ̀:

- NaOH 0.1 M: 4.0 g nínú líta kan. Inú ike ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì pò tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ó ń fa CO₂ inú afẹ́fẹ́, ó ń di carbonate.
- Omi bàbà: 0.25 g CuSO₄·5H₂O àti 1.42 g Na₂SO₄ nínú 100 mL. Èyí fún yín ní 10 mM bàbà nínú 0.1 M Na₂SO₄. Ẹ kán H₂SO₄ tó lomi lára sí i, ẹ̀kán kan tàbí méjì, kó má baà rú.
- Glúkóòsì 100 mM: 1.80 g èyí tí kò ní omi nínú, tàbí 1.98 g monohydrate, nínú 100 mL. Lẹ́yìn náà, ẹ mú 10 mL nínú rẹ̀, kí ẹ fi omi là á dé 100 mL: 10 mM nìyẹn.
- Fítámì C 10 mM: 0.176 g nínú 100 mL. Ọjọ́ tí ẹ máa lò ó gan-an ni kí ẹ pò ó.
- Uric acid 10 mM: 0.168 g. Kì í fẹ́ yọ́ nínú omi lásán, nítorí náà inú 100 mL NaOH 0.1 M ni kí ẹ ti yọ́ ọ.
- NaCl 1 M: 5.84 g nínú 100 mL.

Ẹ yẹra fún glúkóòsì inú agolo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún ọmọdé àti eléré ìdárayá. Wọ́n máa ń fi fítámì àti èròjà oníkálíṣíọ̀mù sínú rẹ̀, ìwọ̀n yín kò sì ní jẹ́ glúkóòsì nìkan mọ́. Omi distilled tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò náà, ẹ dán an wò lórí electrode kí ẹ tó gbà á gbọ́. Irin a máa wà nínú àwọn kan.

Glúkóòsì tí ẹ pò gbọ́dọ̀ sun mọ́jú nínú fíríìjì kí oríṣi rẹ̀ méjèèjì, alpha àti beta, tó wà ní déédéé. Inú omi lásán ni kó ti sùn, kì í ṣe inú kọ́sítíìkì. Tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sínú NaOH, yóò máa yí padà di fructose àti mannose, tó bá sì pẹ́, omi náà á pọ́n bí omi tíì. Tí calibration yín (ìlà tó so iná mọ́ iye glúkóòsì) bá ń yẹ̀ lójoojúmọ́ láìsí ìdí, ẹ yẹ ibi yìí wò.

Títún lẹ́ẹ̀dì ṣe

Ẹ gé lẹ́ẹ̀dì sí 3 cm. Ẹ fi aṣọ tí kò ní òwú tó ń jábọ́ àti ethanol nù ún. Kílíìpù eléyín ọ̀nì (crocodile clip) máa ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì, nítorí náà, ẹ ki lẹ́ẹ̀dì bọ inú pẹ́ńsùlù títẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì jó wáyà mọ́ irin orí rẹ̀ bí àwọn atúnrédíò-ṣe ti ń ṣe. Ẹ fi mítà wò ó láti wáyà dé orí lẹ́ẹ̀dì. Tí nọ́ńbà bá ń fò sókè fò sódò nígbà tí ẹ bá mi pẹ́ńsùlù, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Graphite kì í fẹ́ràn omi. Láti jẹ́ kó gba omi mọ́ra, ẹ rì í sínú phosphate buffer pH 7, kí ẹ fi +1.4 V sí i fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Yíǹkì kábọ́nù

Ẹ wọn 10 mg carbon black, Vulcan XC-72 tàbí irú rẹ̀, sínú ìgò kékeré. Ẹ da 2.5 mL ethanol àti 2.5 mL omi sí i, kí ẹ fi 100 µL Nafion 5% lé e. Ẹ gbé e sínú sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn nǹkan pò) fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sọ yìnyín sínú omi sonicator náà kí ethanol má baà gbẹ. Yíǹkì tó dára dúdú kiriri, bí ẹ bá sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní ní omi mímọ́ lókè. Tó bá ní, ẹ dá a padà sínú sonicator.

Nafion ń lẹ kábọ́nù mọ́ lẹ́ẹ̀dì, ó tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: charge iná òdì (negative) wà lára rẹ̀, nítorí náà ó ń ti fítámì C àti uric acid sẹ́yìn, torí òdì ni àwọn náà. Ẹ má torí èyí dà á lé e lórí o. Tó bá pọ̀ jù, á di aṣọ tí glúkóòsì kò ní lè gbà kọjá, ìdáhùn electrode á sì lọ́ra.

A kò fẹ́ carbon nanotube fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ̀ nínú ìwé. Irin tí wọ́n fi ṣe é, bíi iron, cobalt àti nickel, máa ń ṣẹ́kù sínú rẹ̀, nickel àti cobalt sì máa ń jó glúkóòsì nínú kọ́sítíìkì gẹ́gẹ́ bíi bàbà. Ẹni tí kò bá fi nitric acid fọ̀ ọ́, kò lè sọ irin tó ń dáhùn.

Ẹ ti 15 mm lẹ́ẹ̀dì bọ inú yíǹkì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ní 60°C. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn tó bá gbẹ tán ni ẹ tó máa pààlà: ẹ wọn 10 mm láti orí, kí ẹ fi téèpù PTFE, èyí funfun tí àwọn pọ́ńbà ń wé ẹnu páìpù, wé ohun tó wà lókè rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì kun Cutex lé etí téèpù náà. Cutex nìkan kì í pẹ́ nínú kọ́sítíìkì. Tí ẹ bá sì kun ún kí ẹ tó fi yíǹkì sí i, ethanol á yọ́ ọ.

Ní báyìí, ẹ ṣírò fífẹ̀ ojú electrode. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ 0.5 mm sí lára sábà máa ń tó 0.56 mm tí ẹ bá fi micrometer wọ̀n ọ́n. Fún 10 mm tó wà nínú omi: 3.1416 × 0.056 × 1 = 0.176 cm², ẹ fi ti orí rẹ̀ kún un, 0.0025, ó di 0.178 cm². Ẹni tó bá gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ á rí 0.159, á sì fi bí ìpín 12 nínú 100 bu iyì kún sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ láìmọ̀.

Fífi bàbà sí i

Ẹ ki electrode mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ inú omi bàbà. Tí nitrogen bá wà, ẹ tú u sínú omi náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lé oxygen jáde. Ẹ má rò ó. Ẹ fi fólítéèjì sí −0.4 V, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣàn títí charge (àpapọ̀ iná tó ti kọjá) á fi pé 20 mC. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ “60 s” tàbí “120 s”. A kò fara mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀dì méjì kì í rí bákan náà, ooru yàrá kì í dọ́gba, ìṣẹ́jú kan lára èyí kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú kan lára ìkejì. Charge ni ẹ fi lè mọ iye bàbà tó wọlé: 0.020 C ÷ (2 × 96,485) × 63.55 g ń fún wa ní 6.6 µg. Ìwọ̀n yẹn ni òkè pátápátá, nítorí pé oxygen tó kù nínú omi ń jẹ díẹ̀ nínú charge náà. Lórí 0.178 cm², bàbà tó pọ̀ tó yìí, ká ní ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ju nǹkan bí 40 nm lọ ní nínípọn.

Kí ló dé tí a kò fi bàbà púpọ̀ sí i? Tí ẹ bá sọ ọ́ di 200 mC, hóró á gun orí hóró, àárín wọn á dí, ẹ ó sì pàdánù àǹfààní kábọ́nù. Lójú, bàbà tó dára máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí dúdú kábọ́nù. Ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ tó lè rí i. Tó bá dúdú tó sì ń bọ́ bí èérú tí ẹ bá ṣan án, fólítéèjì yín ti lọ jìnnà jù sí òdì. Tí ẹ bá rí ìfófòó kéékèèké lára lẹ́ẹ̀dì, hydrogen nìyẹn, ẹ gbé fólítéèjì sókè díẹ̀.

Gbàrà tí charge bá pé, ẹ yọ ọ́ jáde kí ẹ sì ṣan án. Electrode tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú omi bàbà láìsí fólítéèjì á máa yọ́ padà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú NaOH 0.1 M, kí ẹ máa gbé fólítéèjì lọ gbé e bọ̀ láàárín −0.2 V àti +0.7 V, ní 100 mV/s, fún ọgbọ̀n ìyípo. Ìlà gíráàfù á máa yí padà níbẹ̀rẹ̀, tó bá yá, wọ́n á máa gun orí ara wọn. Nígbà yẹn ni ojú bàbà tó di CuO tó fara balẹ̀. Bí wọn kò bá tíì gun orí ara wọn, ẹ ṣe ìyípo mẹ́wàá sí i.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Nínú 20 mL NaOH 0.1 M tuntun, ẹ gbé fólítéèjì láti 0 dé +0.7 V ní 50 mV/s. Ẹ tọ́jú gíráàfù yẹn. Ẹ wá fi 200 µL glúkóòsì 100 mM sí i, èyí tó máa di nǹkan bí 1 mM, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ tún un ṣe. Iná gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gòkè láti nǹkan bí +0.3 V sí +0.4 V, kó sì ga jù ní bí +0.5 V sí +0.6 V. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn +0.65 V nìkan ni ẹ rí ìgasókè, kódà láìsí glúkóòsì, oxygen tó ń jáde látinú omi lẹ ń kà.

Ẹ ṣe é fún electrode mẹ́rin tí a dárúkọ lókè. Gíráàfù lẹ́ẹ̀dì lásán àti ti lẹ́ẹ̀dì oníkábọ́nù kò gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́yìn tí glúkóòsì bá wọlé. Tí wọ́n bá yí padà, irin kan ti wọ inú kábọ́nù yín tàbí omi yín. Ẹ wá a jáde kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Calibration

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ da 20 mL NaOH 0.1 M sínú kọ́ọ̀bù, kí magnet máa rò ó ní 400 rpm. Ẹ fi fólítéèjì sí +0.55 V, kí ẹ dúró. Iná á ga níbẹ̀rẹ̀, á máa wálẹ̀, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹni tí kò ní sùúrù tó bẹ̀rẹ̀ sí kán glúkóòsì nígbà tí ìlà ṣì ń wálẹ̀ á rí ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ (slope) tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tó bá tẹ́jú, ẹ kán 20 µL glúkóòsì 10 mM sí i: 0.01 mM nìyẹn. Ẹ dúró fún 50 s. Ẹ tún kán an. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ bọ́ sórí 100 mM, níbi tí 20 µL kọ̀ọ̀kan ti ń fi 0.1 mM kún un. Gíráàfù á máa gòkè bí àtẹ̀gùn ilé. Àtẹ̀gùn tó dára máa ń fò sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tẹ́ lórí. Tí orí àtẹ̀gùn bá ń dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, nǹkan ń lẹ̀ mọ́ ojú electrode. Tó bá ń gòkè lọ láìdúró, kò rò dáadáa, tàbí Nafion ti pọ̀ jù.

Ẹ gbìyànjú +0.45, +0.50, +0.55 àti +0.60 V kí ẹ tó mú ọ̀kan. Kì í ṣe èyí tó fún yín ní iná tó pọ̀ jù lẹ máa mú. Èyí tó rẹlẹ̀ jù tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣì ṣe kedere ni, nítorí pé bí fólítéèjì ṣe ń ga ni àwọn ohun mìíràn ń jó mọ́ glúkóòsì.

Ẹ ya iná sí iye glúkóòsì lórí gíráàfù. Ẹ ṣírò omi tí ẹ fi kún un pẹ̀lú: lẹ́yìn 20 µL lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, 0.3 mL ti wọlé. Níbi tí ìlà bá ti tẹ̀ ni ibi tí ìwọ̀n yín parí sí. Ẹ má fi ipá fa rúlà kọjá ibẹ̀. Ká ní ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ jẹ́ 85 µA fún 1 mM kan (a kàn mú nọ́ńbà náà fún àpẹẹrẹ ni). Ẹ pín in sí 0.178 cm², ó di 478 µA mM⁻¹ cm⁻². Fún ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ lè rí, ẹ ka iná láìsí glúkóòsì nígbà mẹ́wàá, ẹ wá standard deviation rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kí ẹ pín in sí ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀. Tí deviation bá jẹ́ 0.05 µA, 0.15 ÷ 85 ń fún yín ní 0.0018 mM, ìyẹn 1.8 µM.

Ká sọ òótọ́, nọ́ńbà 1.8 µM yẹn kò wúlò fún ẹ̀jẹ̀ tó ohun tí àwọn èèyàn ń fi í ṣe fọ́ńté. Glúkóòsì inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbààwẹ̀ mọ́jú wà láàárín 3.9 sí 5.5 mM, 7.0 mM sókè ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá electrode márùn-ún tí ẹ ṣe lọ́jọ́ kan náà ń sọ ohun kan náà. Tí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju ìpín 5 nínú 100 lọ, ẹ padà sí téèpù àti gígùn lẹ́ẹ̀dì; ibẹ̀ ni ẹ̀bi sábà máa ń wà kí ó tó kan bàbà.

Àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n

Ẹ fi 0.5 mM glúkóòsì sí i, lẹ́yìn náà 0.05 mM fítámì C, 0.05 mM uric acid, NaCl 10 mM, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú 0.5 mM glúkóòsì mìíràn. Àtẹ̀gùn ìkẹyìn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ti àkọ́kọ́. Paracetamol náà yẹ kí ẹ dán wò, nítorí pé kò sí ilé tí kò sí nílẹ̀ wa.

Àwọn ṣúgà mìíràn lọ̀rọ̀ le sí. Bàbà nínú kọ́sítíìkì kò mọ glúkóòsì yàtọ̀ sí fructose. Ó ń jó galactose, ó ń jó maltose, kò sì mọ́wọ́ kúrò lára àwọn amino acid. Nínú ẹ̀jẹ̀, glúkóòsì ju fructose lọ fíìfíì, nítorí náà a lè fara dà á. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé electrode yìí sínú ẹmu ọ̀pẹ tàbí oyin kó wá sọ pé glúkóòsì lòun wọ̀n. Inú ẹmu, sucrose, glúkóòsì, fructose àti ọtí ló pa pọ̀. Inú oyin, fructose fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ṣúgà tó wà níbẹ̀. Gbogbo ṣúgà lẹ wọ̀n pọ̀ nìyẹn, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀.

Bí nǹkan kò bá lọ dáadáa

Tí iná kò bá ṣàn rárá, ẹ wo reference kí ẹ tó wo ohunkóhun. Ìfófòó afẹ́fẹ́ kan nínú ẹnu rẹ̀ tó láti já ohun gbogbo. Ẹ gbọ̀n ọ́n bí ẹ ti ń gbọn tẹmọ́mítà.

Ariwo lórí ìlà, tó ń gbọ̀n bí ara ẹni tí ibà mú, sábà máa ń wá látinú iná NEPA, ẹ̀rọ arò tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ yọ ṣájà láǹtọ́ọ̀pù, kí ẹ lo bátìrì rẹ̀. Ẹ gbé fóònù jìnnà. Inverter olówó pọ́ọ́kú burú ju NEPA lọ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ sì lè fi àpótí onírin bo kọ́ọ̀bù náà, kí ẹ so àpótí mọ́ ground ẹ̀rọ.

Tí ìdáhùn bá ń dín kù lójoojúmọ́, ohun mẹ́ta ló lè fà á: kọ́sítíìkì ti di carbonate, ohun tó jó lára glúkóòsì ti lẹ̀ mọ́ bàbà, tàbí bàbà ń bọ́. Ẹ pò NaOH tuntun kí ẹ kọ́kọ́ wò ó. Tí kò bá padà, ìyípo mẹ́wàá láàárín −0.2 V àti +0.7 V sábà máa ń fọ ojú rẹ̀. Tí ìyẹn náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ju lẹ́ẹ̀dì náà nù kí ẹ ṣe òmíràn. Ìdí tí a fi yan pẹ́ńsùlù nìyẹn. Ẹ má sì gbé electrode yìí sínú ammonia, citrate tàbí Tris: gbogbo wọn ń di bàbà mú, wọ́n á yọ́ ọ lọ.

Electrode tí ẹ kò lò, ẹ ṣan án, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó ní silica gel. Ẹ má rì í sínú omi.

Tó bá kan ẹ̀jẹ̀

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, kọ́sítíìkì 0.1 M kò ní jó awọ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó lè ba ẹyinjú jẹ́.

Túùbù onídérí eérú, tó ní fluoride nínú, ni kí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ náà. Tí kò bá sí fluoride, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á máa jẹ glúkóòsì inú túùbù náà, bíi ìpín 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹra fún túùbù EDTA, nítorí pé EDTA ń fa bàbà. Ẹ yí i nínú centrifuge, kí ẹ mú plasma, ìyẹn omi tó wà lókè.

Ẹ fi 100 µL plasma sínú 9.9 mL NaOH 0.1 M, ó di ìdá kan nínú 100. Glúkóòsì 5 mM á di 0.05 mM, ó sì bọ́ sí ibi tí ìlà yín ti tọ́. Lílomi yìí náà ló ń dín agbára prótéènì kù, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú bàbà. Ẹ má fi calibration tòwúrọ̀ ka ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kán 20 µL glúkóòsì 10 mM sínú 10 mL yẹn nígbà mẹ́rin, 0.02 mM lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa ìlà náà sẹ́yìn títí yóò fi kan ìdí gíráàfù. Iye tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, glúkóòsì inú plasma nìyẹn. Ẹ sọ mM di ìlọ́po 18 tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní mg/dL.

Ẹ fún ilé àyẹ̀wò ní ìdajì plasma kan náà kí wọ́n fi ọ̀nà ẹlẹ́ńsáìmù hexokinase wọ̀n ọ́n. Fún ẹ̀rọ tí aláìsàn ń lò nílé, ìlànà àgbáyé ISO 15197 ti 2013 sọ pé 95 nínú 100 ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín ±15 mg/dL tí glúkóòsì bá wà nísàlẹ̀ 100 mg/dL, àti láàárín ìpín 15 nínú 100 tó bá tó 100 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya ìdáhùn tiyín sí ti ilé àyẹ̀wò lórí gíráàfù kan, kí ẹ fa ààlà méjèèjì yẹn sí i, kí ẹ sì ka iye àmì tó bọ́ síta.